Fatbike lórí yanrìn Sẹ̀mẹ̀ nínú ọyẹ́: ohun tí mo rí lẹ́yìn ọdún méjì

Bí ẹ bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ní etí òkun wa ní orílẹ̀-èdè Benin, fatbike, ìyẹn kẹ̀kẹ́ onítáyà fífẹ̀, ni kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí táyà rẹ̀ rọ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi bínú sí tèmi, tí mo ń sọ pé owó mi ti wọgbó. Kẹ̀kẹ́ náà kò lẹ́bi kankan. Afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ sí i jù.

Àlòkù ni mo rà á, nínú ẹrù tó ń ti Yúróòpù wọ Kútọnu, 120,000 fráńkì sẹfa. Táyà rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 4, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Mo gbé e sórí ìwọ̀n oníṣòwò kan ní ọjà Ouando, ó jẹ́ kílò 17. Ẹni tó tà á fún mi búra pé bíréèkì rẹ̀ pé. Ti ẹ̀yìn kò mú rárá, mo sì ní láti pààrọ̀ rẹ̀ kí n tó lè gùn ún kọjá afárá Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ẹ fọwọ́ ara yín dán bíréèkì wò kẹ́ ẹ tó sanwó.

Àwọn ará Alaska, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ ní ìgbà òtútù, wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ irú kẹ̀kẹ́ yìí, àwọn mìíràn sì ń ṣe tiwọn fún yanrìn aṣálẹ̀ New Mexico. Nígbà tó di 2005, iléeṣẹ́ Surly gbé èyí tí wọ́n pè ní Pugsley sọ́jà, ibẹ̀ ni kò ti jẹ́ iṣẹ́ àfọwọ́rọ àwọn díẹ̀ mọ́. Yìnyín wọn lọ́hùn-ún, yanrìn wa níbí, ohun kan náà ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ṣe: wọ́n ń gbé e mì.

Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí mi sí, lẹ́bàá ọ̀sà, ṣùgbọ́n Sẹ̀mẹ̀ ni mo ti mọ òkun. Ibẹ̀ ni màmá mi ti ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn tó ń fa àwọ̀n, lọ́jọ́ tí kò bá sí ilé ìwé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á tẹ̀lé e. A máa ń gbé apẹ̀rẹ̀ sí ìdí àgbọn kan tó tẹ̀ síwájú òkun bí ẹni tó fẹ́ mumi. Bàbá mi gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan, títì la tì í lọ, títì la tì í bọ̀. Nítorí náà, etí òkun tí mo mọ̀ kò ju ibi tí ẹsẹ̀ ọmọdé lè dé lọ. Àwọn igi àgbọn tó kù ń lọ títí sí ọ̀nà Ekpè, níhà ìwọ̀ oòrùn, mo sì ń fojú wò wọ́n láti òkèèrè.

Lóṣù kìíní ọdún yìí ni mo wá lọ síbẹ̀. Mo jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọyẹ́ náà nípọn débi pé mo wà lórí afárá, n kò rí ọ̀sà, mo kàn ń gbọ́ ọkọ̀ ojú omi kan tó ń kọjá lábẹ́ mi. Ètè mi ti gbẹ kí n tó dé òdì kejì. Lórí ọ̀dà, mo fi táyà sí psi 18 (psi ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe le tó). Ó ń kùn bí oyin, ó sì máa ń rẹ itan, mi ò ní parọ́. Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀dà nìkan ló ń gùn, kó má ra kẹ̀kẹ́ yìí.

Nígbà tí mo dé ibi tí yanrìn ti bẹ̀rẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, mo tẹ ẹnu fáàfù, mo jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde títí tó fi ku bíi psi 7. Bí àtàǹpàkò yín bá tẹ táyà tó sì wọlé dáadáa, ó ti tó. Táyà á wá tẹ́ pẹrẹsẹ lórí yanrìn, ìwọ̀n yín á pín káàkiri, kò ní rì. Mo gùn ún! Láti ìdí àwọn igi àgbọn tó kù dé etí omi, ibi tí a ti kẹ̀kẹ́ bàbá mi kọjá pẹ̀lú òógùn. Mo pariwo, kò sẹ́ni tó gbọ́.

Ẹ wo ìgbà tí omi máa fà sẹ́yìn kẹ́ ẹ tó jáde. Wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ ló wà láàárín ìgbà tí omi kún àti ìgbà tó fà tán, ó sì ń fi bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Yanrìn tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ le bí ilẹ̀ tí wọ́n lù. Ti òkè rọ̀. Kẹ̀kẹ́ á lọ níbẹ̀, èémí yín ni kò ní tó. Mo kọ́kọ́ kọrí sí ọ̀nà Ekpè nígbà tí afẹ́fẹ́ òkun kò tíì dìde, kó lè tì mí lẹ́yìn nígbà tí mo bá ń bọ̀.

Ìdí mìíràn wà tí mi ò fi gun òkè. Mo rí ipa ìjàpá òkun kan, tó jáde látinú omi tó sì padà, ó fẹ̀ bí ipa táyà katakata. Lókè, nínú yanrìn rírọ̀, ni wọ́n ń sin ẹyin wọn sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gun ibẹ̀.

Ibi tí àgbọn wa yẹ kó wà, mo bá bàbá kan pẹ̀lú àwọn tó ń fa àwọ̀n. Ó gbọ́ Yorùbá, ọjà Àjàṣẹ́ ló ń ná.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá."

"O ṣé, ọmọ mi. Kí lò ń wá?"

Mo ṣàlàyé àgbọn náà fún un. Ó nawọ́ sí ọkọ̀ kan tó ń mì lórí omi. "Ibi tí ọkọ̀ yẹn wà, ibẹ̀ ló wà."

Omi ló máa ń gbé yanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn ní gbogbo etí òkun wa. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ èbúté Kútọnu ní àwọn ọdún 1960, èyí tó pọ̀ nínú yanrìn náà ń há síbẹ̀, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ tó wà níhà ìlà oòrùn. Mo ti kà á rí. Mi ò mọ̀ pé ìdí àgbọn màmá mi ló ń sọ.

Ìyọnu tó kù ni iyọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò fọ̀ ọ́ nígbà kan, ṣéènì pọ́n bí epo. Omi kànga, aṣọ gbígbẹ, òróró, lọ́jọ́ náà gan-an. Tíúbù tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́jà wa. Ti kẹ̀kẹ́ ínǹṣì 26 tó fẹ̀ díẹ̀ ni mo ń lò, ó ń fẹ̀ sí i, kò tíì já mi kulẹ̀. Fáàfù rẹ̀ bá ti zẹ́mìjàn, alùpùpù akérò wa, mu, nítorí náà ẹni tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà lè fẹ́ ẹ fún yín nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ padà sórí ọ̀dà. Ẹ dúró tì í o, kó má fẹ́ ẹ bíi ti alùpùpù.

Nígbà tí mo ń fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, màmá mi jókòó sórí àpótí, ó ń wo yanrìn tó ń bọ́ lára táyà. Ó bi mí bóyá mo dé ìdí àgbọn wa. Mo sọ ohun tí bàbá yẹn wí fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní èló ni wọ́n ń ta ẹja níbẹ̀ báyìí.