Àyẹ̀wò ọkọ̀ afẹ́ Azzam: eré ló jẹ àyè inú rẹ̀

Bí ẹ bá gbé Azzam sẹ́gbẹ̀ẹ́ Dilbar, ọkọ̀ afẹ́ ńlá mìíràn, ojú á kọ́kọ́ tàn yín jẹ. Azzam gùn ju mítà 180 lọ díẹ̀, Dilbar ò ju mítà 156 lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá wo GT, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí inú ọkọ̀ ṣe láyè tó (kò kan ìwúwo rárá), 13,136 ni ti Azzam, 15,917 ni ti Dilbar. Èyí tó kúrú ló láyè jù. Iléeṣẹ́ kan náà ló kan ọkọ̀ méjèèjì, Lürssen ti ilẹ̀ Jámánì, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé ọwọ́ ẹnìkan ló dá ju ti ẹnìkejì lọ. Ohun tí oníbàárà béèrè ló yàtọ̀.

Ẹni tó ni Azzam fẹ́ ọkọ̀ tí yóò máa sáré gan-an nínú òkun tó móoru tí kò sì jìn, tí yóò sì gba èrò púpọ̀ nínú ọ̀ṣọ́. Wọ́n fi ọdún kan ṣe ìṣirò àti àwòrán, wọ́n fi mẹ́ta kàn án, ó sì bọ́ sómi ní oṣù kẹrin ọdún 2013. Iléeṣẹ́ Nauta Yachts ló ya ìrísí ìta, Christophe Leoni ló ṣe ọ̀ṣọ́ inú. Ọdún mẹ́rin fún ọkọ̀ tó tó báyìí yá ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ṣeé ṣe nítorí pé wọ́n ti parí èrò lórí tábìlì kí wọ́n tó gé irin. Ibi tí irú iṣẹ́ báyìí ti sábà máa ń dàrú ni kí oníbàárà yí yàrá kan padà lẹ́yìn tí páìpù àti wáyà ti gba ibẹ̀ kọjá.

Ká wá sórí eré. Ó ń sá ju nọ́ọ̀tì 30 lọ, ìyẹn bíi kìlómítà 56 ní wákàtí kan. Gígùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ wà lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń la omi kọjá máa ń gbé ìgbì dìde níwájú àti nídìí, bí eré sì ṣe ń pọ̀ sí i ni ìgbì náà ń gùn sí i. Nígbà tí ìgbì bá gùn tó ọkọ̀, ṣe ni ọkọ̀ dà bí ẹni tó ń gun òkè tí òun fúnra rẹ̀ mọ. Ẹ̀yin ẹ ṣáà máa da epo sí i, eré tó máa fi kún un ò ní tó nǹkan. Fún ọkọ̀ tí ibi tó kan omi gùn ní mítà 50, nọ́ọ̀tì 17 ni ibi tí òkè yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Fún mítà 170, ó di bíi nọ́ọ̀tì 32. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ní òun fẹ́ ọkọ̀ mítà 60 tí yóò sá nọ́ọ̀tì 30 fi ń ra wàhálà, àfi tó bá gbà kí ọkọ̀ náà fúyẹ́ débi tí yóò máa gbé ara sókè lórí omi.

Gígùn nìkan ò tó, ó tún gbọ́dọ̀ tín-ín-rín. Azzam fẹ̀ ní mítà 20.8, Dilbar ní mítà 23.4. Bí a bá fi fífẹ̀ pín gígùn, Azzam jẹ́ 8.7, Dilbar jẹ́ 6.7. Ibẹ̀ gan-an ni àyè rẹ̀ bá lọ. Àwọn àgbà ṣáà ti ní ẹni tó lórí ò ní fìlà.

Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló ń tì í: dísẹ́ẹ̀lì méjì, tọ́báìnì gáàsì méjì. Àpapọ̀ agbára wọn jẹ́ mẹgawáàtì 70, bí agbára ẹṣin 94,000. Tọ́báìnì jẹ́ ìbátan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú. Ó fúyẹ́ gan-an bí a bá fi wé dísẹ́ẹ̀lì tó lágbára tó o, ohun tí ọkọ̀ tín-ín-rín sì nílò nìyẹn. Àmọ́ ó ń jẹ afẹ́fẹ́ bí iná ṣe ń jẹ pápá. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé àti èyí tí èéfín gbígbóná yóò gbà jáde gbọ́dọ̀ fẹ̀, wọ́n sì máa la ọ̀pọ̀ àjà ọkọ̀ kọjá. Yàrá méjì mẹ́ta lè bá a lọ láìsí ẹni tó mọ̀. Tọ́báìnì tí a ò bá ṣiṣẹ́ dójú àmì tún máa ń fi epo ṣòfò, ìdí nìyẹn tí dísẹ́ẹ̀lì fi wà fún ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́, tí tọ́báìnì yóò wá dá sí i nígbà tí eré bá dé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò epo. Ká ní gbogbo ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tán, tí wákàtí-kìlówáàtì kan (agbára kìlówáàtì kan fún wákàtí kan) ń gba nǹkan bíi gíráàmù 220: epo tọ́ọ̀nù 15 ni yóò jó ní wákàtí kan. Agbára tí ọkọ̀ ń béèrè sì ń pọ̀ sí i bíi eré × eré × eré, nítorí náà bí ọ̀gákọ̀ bá dín nọ́ọ̀tì 30 kù sí 20, agbára á já sí bí ìdá mẹ́ta tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú ọkọ̀ yìí kó béèrè iye epo ní nọ́ọ̀tì tó máa ń rìn lójoojúmọ́. Ti eré àṣekágbá wà fún ìwé ìpolówó.

Kò sí pùròpẹ́là nídìí rẹ̀. Jẹ́ẹ̀tì omi mẹ́rin ló ní, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fa omi wọlé tó sì ń fi agbára tú u jáde lẹ́yìn; méjì dúró gbọn-in, méjì ń yí láti darí ọkọ̀. Mo fọwọ́ sí ìpinnu yìí. Mítà 4.3 péré ni Azzam rì sínú omi. Pùròpẹ́là tó lè gbé agbára tó báyìí yóò fẹ̀ débi pé yóò yọ sísàlẹ̀ ju ìdí ọkọ̀ lọ, ní irú eré yẹn sì rèé, omi ara abẹ rẹ̀ yóò máa hó, yóò máa pariwo, yóò sì máa gbẹ́ irin ní ihò wẹ́wẹ́. Jẹ́ẹ̀tì fara pamọ́ sínú. Àléébù tirẹ̀ ni pé kì í dára nínú ìrìn pẹ̀lẹ́. Ó tún ń fa ohunkóhun tó bá rí: ọ̀rá, okùn àwọn apẹja, koríko omi. Bí àwọ̀n irin ẹnu rẹ̀ bá dí, omi ò ní tó fún un, yóò máa gbọ̀n, a ó sì ní láti dá omi padà sẹ́yìn tàbí kí òmùwẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀. Níbi tí omi ò jìn, iyanrìn yóò máa fá abẹ tó ń yí nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Síńkì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ kí ìpẹtà máa jẹ ẹ́ dípò ara ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ tán.

Pálọ̀ ńlá rẹ̀ ni iṣẹ́ tó wú mi lórí jù. Mítà 29 ní gígùn, mítà 18 ní fífẹ̀, kò sí òpó kan láàárín. Nínú ọkọ̀ tí gbogbo fífẹ̀ rẹ̀ ò tó 21, ohun tó kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ò tó mítà kan àbọ̀. Irin tó na mítà 18 gbọ́dọ̀ jinlẹ̀ kó má bàa tẹ̀, inú òkè àjà kan náà sì ni ọ̀nà ẹ̀rọ amúlétutù, páìpù omi panápaná àti wáyà ti ń jà fún àyè. Ibi tí wọ́n bá dá ihò sí lára irin náà gbọ́dọ̀ ní igun róbótó, kó sì jìnnà sí ìdí irin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ sán. Ewu kejì ni gbígbọ̀n. Ilẹ̀ tó na tó bẹ́ẹ̀ máa ń gbọ̀n wọ́ọ́wọ́ bí ìlù ẹ́ńjìnnì bá bá tirẹ̀ mu. Rọ́bà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì àti ilẹ̀ tí kò kan irin ní tààrà ń ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n orí ìṣirò ló yẹ kí wọ́n ti pa á. Bí wọ́n bá ti tẹ́ mábù tán, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Irin ni ara ìsàlẹ̀, alumíníọ̀mù ni òkè, kí òkè má bàa wúwo. Wọn ò ṣeé jó pọ̀. Nínú irú ọkọ̀ báyìí, ọ̀já kan tí wọ́n ti fi agbára ìbúgbàmù lẹ irin mọ́ alumíníọ̀mù ni wọ́n máa ń fi sáàárín, kí wọ́n lè jó irin mọ́ irin nísàlẹ̀, alumíníọ̀mù mọ́ alumíníọ̀mù lókè. Wẹ́dà tó bá jẹ́ kí ooru pọ̀ jù lórí ọ̀já yẹn ti tú u nìyẹn. Nínú oòrùn, alumíníọ̀mù tún ń wú ní bí ìlọ́po méjì irin, nítorí náà òkè tó gùn tó báyìí nílò ibi tí yóò ti máa mí.

Ọ̀dà náà? Ooru jíjó irin pọ̀ máa ń jẹ́ kí páànù irin rí gbágungbàgun, pọ́tì (àpòpọ̀ tí wọ́n fi ń dí kòtò) ni wọ́n fi ń tẹ́ ẹ, wọ́n á fi sáńpépà gígùn fá a, wọ́n á tún lẹ òmíràn. Bó bá nípọn jù, á wúwo, á sì sán ní igun fèrèsé. Ẹni tó bá ń yẹ irú ọkọ̀ yìí wò kó kọ́kọ́ lọ wo igun fèrèsé lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, kó tó jẹ́ kí wọ́n fi pálọ̀ hàn án.