Ìkìlọ̀: Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta ọmọ fahaka (pọ́fà ńlá) lórúkọ pọ́fà kékeré

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ẹja bíi tèmi, ẹ dákun, ẹ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni nítorí ẹja pọ́fà, ẹja tó máa ń wú bíi bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà á. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Owó tó lọ dùn mí, àmọ́ àwọn ẹja tó kú nínú ọ̀rọ̀ náà ló dùn mí jù, mi ò sì fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì.

Pọ́fà kékeré tí wọ́n ń pè ní pea puffer ni mò ń wá, ìyẹn Carinotetraodon travancoricus, tó wá láti gúúsù Íńdíà. Tó bá dàgbà tán, ó ṣòro kó ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Oníṣòwò kan gbé fọ́tò rẹ̀ síta: ara aláwọ̀ ìyeyè, àmì dúdú róbótó-róbótó lára, ojú tó ń dán. Mo bi í pé ṣé irú èyí gan-an ni yóò dé ọwọ́ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn yín balẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe rí i yìí ni, kò ní tóbi ju báyìí lọ. Ẹ kó o pọ̀ mọ́ àwọn tẹ́ ẹ ti ní, kì í jà." Mo ra méjì.

Nígbà tí wọ́n dé, wọn ò gùn ju oríkèé òkè àtàǹpàkò mi lọ. Mo kíyè sí i pé àmì ara wọn ò rí róbótó bíi ti fọ́tò, ó rí rúdurùdu, ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sì ti ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo tún bi í. Ó ní torí pé ọmọdé ni wọ́n ni, pé tó bá yá, á gún régé. Mo gbà á gbọ́. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti dá ẹja padà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo tan iná táńkì ẹja mi, mo bá ọ̀kan nínú àwọn guppy mi (ẹja kéékèèké) tó ń yí gbiri nísàlẹ̀ omi. Ìrù rẹ̀ ti lọ. Kò ya jákujàku o, gígé ni wọ́n gé e, bí ìgbà tí èèyàn fi àlùmọ́gàjí gé bébà. Pọ́fà kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò mira, lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ nìkan ló ń gbọ̀n. Ojú rẹ̀ kan ń wo èmi, ìkejì ń wo guppy yẹn, torí pọ́fà lè yí ojú rẹ̀ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí oṣù yẹn tó parí, ẹja méje ti lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn méjèèjì wá kọjú síra wọn. Mo dé lálẹ́ ọjọ́ kan, mo bá ọ̀kan nílẹ̀ omi, ikùn rẹ̀ ti là.

Ìgbà yẹn ni mo tó tan tọ́ọ̀ṣì sí èyí tó kù. Ìlà gbọọrọ ti jáde ketekete, láti ẹ̀gbẹ́ orí dé ìdí ìrù, ẹyinjú rẹ̀ sì ti ń pọ́n. Tetraodon lineatus ni, tí àwọn tó ń sìn ín ń pè ní fahaka. Lineatus yẹn gan-an, "onílà" ló túmọ̀ sí. Orúkọ tí Linnaeus, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó sọ ọ̀pọ̀ ẹ̀dá lórúkọ, sọ ọ́ láti 1758 nìyẹn. Ẹja odò ńláńlá ni, wọ́n ń rí i nínú odò Náílì, nínú odò Ọya, nínú odò Volta àti ní agbègbè adágún Chad. Ó ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 43. Òun nìkan ló ń gbé, kì í gba ẹja kankan láyè, ì báà ṣe irú tirẹ̀. Tó bá dàgbà, táńkì tí kò bá gba omi bíi lítà 450 kò lè gbà á. Lítà 60 ni tèmi.

Mo pe oníṣòwò náà. Ó ní omi mi ni kò dáa. Mo ti yẹ omi náà wò: amóníà òdo, nítíráìtì òdo, àwọn méjèèjì tó máa ń pa ẹja bí wọ́n bá wà nínú omi. Ó wá ní kí n dá ẹja yẹn padà fún òun láìgba kọ́bọ̀. Mi ò gbà, mo sì dúpẹ́ pé mi ò gbà, torí ẹnìkan tóun náà ra lọ́wọ́ rẹ̀ sọ fún mi pé òun dá tòun padà. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó rí ẹja kan náà lórí ìpolówó ọkùnrin yìí. Àpá tó wà lára lẹbẹ ìrù rẹ̀ ló fi dá a mọ̀. Wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ó ti mọ́ àwọn ẹja yòókù lára. Ẹ̀yin náà ẹ wo irú ìwà yẹn! Ó mọ ohun tó ń tà. Ó mọ̀, ó sì tún ń tà á fún ẹni tó ní ẹja kéékèèké nílé.

Ẹ jẹ́ ká mọ ìyàtọ̀ wọn. Pea puffer tó ti gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2 àbọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà tán, àmì róbótó-róbótó ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Akọ rẹ̀ máa ń ní ìlà dúdú kan, àmọ́ abẹ́ ikùn nìyẹn wà. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà gbọọrọ mélòó kan tó ń sáré lọ sí ìrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ẹ má sanwó. Pea puffer gidi pàápàá ń gé lẹbẹ ẹja mìíràn jẹ, nítorí náà ẹni tó bá sọ pé ẹ lè dà á mọ́ gbogbo ẹja ti purọ́ fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pea puffer ló gbé wá.

Jìbìtì kejì tí mo ń rí lemọ́lemọ́ ni ti Dichotomyctere nigroviridis, èyí aláwọ̀ ewé tó ní tótòtó dúdú. Wọ́n á ní ẹja omi dídùn ni. Ọmọ rẹ̀ lè fara da omi dídùn fúngbà díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ omi tó níyọ̀ ló yẹ é bó bá ń dàgbà, bí irú èyí tó wà níbi tí odò ti ń pàdé òkun. Láìsí iyọ̀, yóò máa rẹ̀ ẹ́, kò ní jẹun, àìsàn á sì máa gbà á.

Ti eyín ńkọ́? Eyín mẹ́rin tó so pọ̀ bí àgógó ayékòótọ́ ló wà lẹ́nu pọ́fà, kì í sì í dẹ́kun àtihù. Ohun tó ní karawun ló fi ń gbó o: ìṣáwùrú, akàn. Nígbà tí tèmi ṣì wà lọ́wọ́ mi, tí mo bá ju ìṣáwùrú sí i, mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń fọ́ ọ láti orí àga mi. Oníṣòwò yẹn ní oúnjẹ gbígbẹ ti tó. Bó bá jẹ́ oúnjẹ gbígbẹ nìkan ni pọ́fà ń jẹ, eyín yẹn á gùn títí tí kò fi ní lè la ẹnu mọ́, ebi á sì pa á.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kó kọ orúkọ sáyẹ́ǹsì ẹja náà ránṣẹ́. Ẹ ní kó ya fídíò ẹja yẹn gan-an, lónìí, bó ṣe ń jẹ ìṣáwùrú, kí rúlà wà lára gíláàsì. Ẹ wo ikùn rẹ̀: tó bá wọnú, ebi tàbí aràn ni, pàápàá àwọn tí wọ́n kó láti odò. Ẹni tó bá sì gbé e jáde kúrò nínú omi kó lè wú fún fídíò, ẹ sá fún un, torí afẹ́fẹ́ tó bá há sínú rẹ̀ lè pa á.

Tó bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ má ki ọwọ́ bọ táńkì rẹ̀ láìwò. Fahaka ńlá lè gé ìka. Ẹ má dà á sódò, ẹ má sì jẹ́ kí ológbò jẹ òkú rẹ̀, májèlé wà lára ọ̀pọ̀ pọ́fà.

Tèmi ti wà lọ́dọ̀ ẹnìkan tó ní táńkì lítà 500, òun nìkan ló wà níbẹ̀. Tí ohun tẹ́ ẹ rà bá ń kọ yín lóminú, ẹ ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ẹnu dé ìrù, kẹ́ ẹ fi hàn mí. Màá bá yín wò ó.