Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ inú páálí tí wọ́n ń tà ní Ìdúmọ̀tà: etí wo ló wà fún?

Páálí náà kò ju ti ọṣẹ ìwẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó bá ẹ̀rọ kan tó tẹ̀ bí èso kajú, rọ́bà mẹ́ta (kékeré, àárín, ńlá), bátìrì pẹlẹbẹ méjì tó dà bíi bọ́tìnnì, àti ike tí wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Ìdúmọ̀tà ló pọ̀ sí, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Ẹ ó rí i ní Computer Village ní Ìkẹjà náà, àti lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó lórí fóònù. Owó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti fóònù kékeré alátẹ̀ lọ, òun ló jẹ́ kí àwọn ọmọ máa rà á wálé fún bàbá tàbí màmá tí etí wọn ń di, láì kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká tètè sọ tiwa. Bí etí bá di díẹ̀, tó wà bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́ta mẹ́rin, tí kò hó (ìyẹn ni pé ariwo kankan kì í dédé dún nínú rẹ̀), tí ẹni náà kàn fẹ́ gbọ́ tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá, ẹ̀rọ yìí lè gbà á dé ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n etí tó ń hó, tó sì ń di sí i lọ́dọọdún, ẹ má ra èyí fún un. Máàkì 3 nínú 10 la fún un, 2 nínú rẹ̀ sì jẹ́ nítorí pé bátìrì rẹ̀ kò ṣòroó rí.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ̀: ó ń gba ìró, ó ń sọ ọ́ di ńlá, ó ń dà á sétí. Táyà kékeré kan ni wọ́n fi ń yí fọ́lúùmù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ páálí ló máa ń kọ ọ́ síta pé ó ń fi nǹkan bí 40 dB (ìwọ̀n bí ìró ṣe ń pariwo tó) kún ìró, àti pé ó lè ké dé nǹkan bí 130 dB, bí ẹni pé ìyìn ni. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ẹni tó dúró ní mítà kan tó ń bá yín sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ tó 60 dB. Ẹ fi 40 kún un, ó di 100. Ìlànà NIOSH, àwọn tó ń ṣọ́ ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ni pé etí lè gba 85 dB fún wákàtí 8. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi 3 lé e, ẹ pín àkókò náà sí méjì. 88 di wákàtí 4, 91 di 2, 94 di wákàtí kan, 97 di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ní 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Ọ̀rọ̀ lásán la ń sọ yìí o, fèrè dánfó kò tíì dún.

Etí tó ń di kì í sì í ṣe rédíò tí fọ́lúùmù rẹ̀ kàn lọ sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń gbé pẹ̀lú bàbá tí etí rẹ̀ ń di ló mọ eré yìí. Ẹ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: “Kí lẹ wí?” Ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀: “Ṣé mo dití ni, tí ẹ fi ń pariwo mọ́ mi?” Bàbá kò ṣe àgídí. Àlàfo tó wà láàárín “n kò gbọ́” àti “ó ń dùn mí létí” ló ti fún mọ́ra. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe dáadáa máa ń gbé ohùn jẹ́jẹ́ sókè púpọ̀, á sì gbé fèrè mọ́tò sókè díẹ̀ tàbí kó má fọwọ́ kàn án rárá. Ti inú páálí á gbé méjèèjì sókè bákan náà.

Ohun mìíràn wà tó kan àwa Yorùbá gan-an. Ọjọ́ orí àti ariwo, ìró tó tín-ín-rín ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ etí. Ìró tó tín-ín-rín yìí ni s, ṣ, f, t àti k ń gbé. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ń gbé nínú ìró tó nípọn, etí sì máa ń dá wọn mọ̀ pẹ́. Ẹ wo “ó ti tà á”, “ó ti kà á”, “ó ti fà á”. Ohùn kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹyọ kọ́ńsónáǹtì kan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Etí tó ti pàdánù kọ́ńsónáǹtì yẹn ń gbọ́ ènìyàn bí ìgbà tí ìyáàlù bá ń sọ̀rọ̀: ó ń dún, ó ń lọ sókè sódò, ṣé tà ni àbí kà, onílù ló mọ̀. Ìdí rèé tí màmá fi ń sọ pé, “Mò ń gbọ́ yín, ohun tí ẹ ń wí ni kò yé mi.” Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí ló jẹ́wọ́ lára páálí pé òun kò mọ̀ ju 4,000 Hz lọ (Hz ni ìwọ̀n bí ìró ṣe tín-ín-rín tó), bẹ́ẹ̀ òkè ibẹ̀ ni s fi ṣe ilé. Ohun tí màmá ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ lẹ ó wulẹ̀ mú pariwo sí i.

Ti etí híhó ńkọ́? Níbí ni ẹni tó ń tajà ti máa ń borí. “Màmá, ẹ jókòó, ẹ fi sétí. Ṣé ẹ ṣì ń gbọ́ ariwo yẹn?” Ó yí táyà dé 3. Ariwo Ìdúmọ̀tà wọlé gìrọ́gìrọ́: alágbàrù, ọ̀kadà, àwọn tó ń fi gbohùngbohùn polówó oògùn eku. Híhó náà pòórá, màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n sanwó. Ariwo ọjà ló bo híhó mọ́lẹ̀ o, kò sí nǹkan kan tó wò. Tó bá di alẹ́, tí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, tí màmá yọ ẹ̀rọ sórí tábìlì, á padà dé, ó sì lè le ju ti àárọ̀ lọ nítorí etí ti jẹ ìyà lójúmọmọ. Àwọn irun tín-ín-tìn-ìn inú etí tó ń gba ìró ló sábà máa ń ti kú. Ọpọlọ ń retí ìró tí kò dé mọ́, ó yí fọ́lúùmù tirẹ̀ sókè láti wá a, ariwo ara rẹ̀ ló wá ń gbọ́. Ariwo tó pọ̀ jù á tún pa lára irun tó kù. Kò sí oògùn tó ń wo híhó yìí sàn pátápátá, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára ìgò. Ẹ̀rọ tó bá dá ìró tó sọnù gan-an padà, ní ìwọ̀n tí etí náà fẹ́, máa ń mú un rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, torí ọpọlọ ti rí nǹkan mìíràn gbọ́.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ rà á, ẹ má dán an wò ní ojú pópó. Ẹ wọnú mọ́tò, kí ẹ gbé gíláàsì sókè, tàbí kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ẹ lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ẹ yí táyà sí ibi tó kéré jù lọ kí ẹ tó fi sétí. Ẹ dúró sẹ́yìn ẹni náà, kó má baà máa wo ẹnu yín, ní nǹkan bíi mítà kan, tàbí níwọ̀n tí àyè bá gbà. Ẹ wá fi ohùn lásán pe mẹ́fà yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó máa pè é tẹ̀lé yín: m, u, i, a, ṣ, s. Ṣ àti s, ẹ má fi fáwẹ́lì tì í. Atẹ́gùn ẹnu nìkan ni kó jáde. Ẹ ṣe é láìsí ẹ̀rọ lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ tún un ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Bí m, u àti a bá wọlé tí ṣ àti s kò wọlé síbẹ̀, ẹ dá a padà fún wọn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, nítorí lẹ́yìn náà “ọjà tí a bá tà kì í padà” lẹ ó gbọ́.

Ẹ̀sùn tí a máa ń gbọ́ jù lọ ni pé ó ń súfèé. Rọ́bà tó kéré jù fún ihò etí ló sábà máa ń fà á: ìró ń jò jáde, ẹ̀rọ ń gbà á padà, ó ń tún un sọ di ńlá. Ẹ dán rọ́bà tó tóbi jù ú wò. Ẹ fi ọwọ́ kejì fa etí sókè sẹ́yìn, kí ẹ ti rọ́bà wọlé bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́. Gèlè tó bá bò ó mọ́lẹ̀ máa ń mú un súfèé, fìlà náà bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀tí etí tó bá dí ihò ń ṣe é, àmọ́ ẹ má fi òwú orí igi lé e wọ inú lọ o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ ní kílíníìkì. Rọ́bà nìkan ni kí ẹ máa fọ̀, pẹ̀lú ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ, kó sì gbẹ mọ́jú.

Bátìrì rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ LR44, tí wọ́n tún ń pè ní AG13, irú èyí tó wà nínú ohun ìṣeré ọmọdé. Bó bá ṣe ń lò ó ni agbára rẹ̀ ń dín kù, ohùn á máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹni náà á máa yí táyà sókè, á rò pé etí òun ló tún di sí i. Àwọn kan kò mọ̀ pé 675, bátìrì ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ gidi tó ní sítíkà búlúù, bá a mu ní fífẹ̀ àti gíga: milimítà 11.6 àti 5.4. Afẹ́fẹ́ ló fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ ya sítíkà rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kí ẹ tó fi sínú ẹ̀rọ. Ó ń pẹ́ ju LR44 lọ dáadáa, agbára rẹ̀ kì í sì í yẹ̀ títí á fi kú lẹ́ẹ̀kan náà. Lílẹ sítíkà padà kò dá a dúró mọ́. Ẹ má ṣe òdìkejì rẹ̀, kí ẹ wá fi LR44 sínú ẹ̀rọ gidi tó ń lo 675. Ọmọdé tó bá sì gbé bátìrì pẹlẹbẹ mì, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe epo pupa.

Òógùn Èkó náà ń pa á. Bó bá ti dalẹ́, ẹ ṣí ilé bátìrì rẹ̀ sílẹ̀, ẹ yọ bátìrì, ẹ fi ẹ̀rọ sínú ìgò tó ní ìdérí, kí ẹ kó àwọn àpò sílíkà inú páálí bàtà sínú rẹ̀.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹ̀rọ gidi wọ́n ju èyí lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, a kò ní tan yín. Ohun tí ẹ ń sanwó fún ni pé wọ́n lè tún un tò. Ní ọsibítù ńlá bíi LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà, dókítà etí, imú àti ọ̀fun á kọ́kọ́ wo inú etí, wọ́n á yọ ìdọ̀tí bó bá wà, wọ́n á wá dán ìgbọ́ràn wò láti 250 dé 8,000 Hz. Wọ́n á ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé: òdo pupa ni etí ọ̀tún, X búlúù ni tòsì. Ìwé yẹn ni kọ̀ǹpútà fi ń to ẹ̀rọ. Bí etí bá tún lọ sílẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á fi ìwé tuntun tún ẹ̀rọ kan náà tò. Torí náà, ẹ bi wọ́n bóyá àyè ṣì ṣẹ́ kù nínú agbára rẹ̀ ju ohun tí etí nílò lónìí lọ. Ẹ̀rọ tó ti dé góńgó lọ́jọ́ tí ẹ rà á kò ní pẹ́ di ẹrù inú dúrọ́ọ̀. Ẹ béèrè bó bá ní ìró jẹ́jẹ́ fún etí híhó, kí ni bátìrì rẹ̀, ta sì ni yóò tún un ṣe. Ẹ máa tọ́jú gbogbo ìwé àyẹ̀wò. Wákàtí díẹ̀ lójúmọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọpọlọ máa ń gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí ariwo abọ́ àti síbí tó dẹ́kun àtidà á láàmú.

Fún híhó alẹ́, ẹ̀rọ kankan kò sí fún yín láti rà. Fáànù alágbára bátìrì, tàbí rédíò tí ẹ yí sí ibi tí kò sí ilé iṣẹ́ rédíò kankan, tó ń ṣe ṣììì, ti tó. Kó rẹlẹ̀ díẹ̀ ju híhó náà lọ, kí méjèèjì máa gbọ́ ara wọn. Bí ẹ bá fi bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, ara kò ní mọ́ ọn.

Àwọn kan wà tí kò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba Ìdúmọ̀tà lọ rárá: ẹni tí etí rẹ̀ di lójijì láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹni tí híhó rẹ̀ wà ní etí kan ṣoṣo, ẹni tí tirẹ̀ ń lù kìkì bí ọkàn ṣe ń lù. Ti àkọ́kọ́ yẹn, ọjọ́ kan kò ṣeé fi falẹ̀, torí oògùn tó lè gbà á là kì í ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ bí ọ̀sẹ̀ méjì bá ti kọjá. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ gentamicin tàbí tó ń lo quinine, tí etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó, kó sọ fún dókítà tó kọ ọ́ fún un lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó ku ti tòkunbọ̀. Ẹ̀rọ gidi tí ẹnì kan ti lò l'ókè òkun máa ń wọ ọjà, owó rẹ̀ sì máa ń wuni. Àwọn kan nínú wọn, ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ tà á ti tì í pa, kọ̀ǹpútà tiwọn nìkan ló lè ṣí i. Ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà lójú yín kí ẹ tó sanwó. Bí kọ̀ǹpútà bá ní òun kò mọ̀ ọ́n, ẹ gbé e lé tábìlì wọn, kí ẹ máa bá tiyín lọ.