Halogen, xenon, àbí LED: iná ọkọ̀ tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ ríran lálẹ́ láìfọ́ ojú ẹlòmíì

Tẹ́ ẹ bá ń wakọ̀ lálẹ́ láyé ìsinyìí, ẹ ó ti rí i pé iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú ti le ju ti àtijọ́ lọ, á funfun báláú, ojú á dí, ẹ ò ní rí etí títì mọ́ títí ọkọ̀ yẹn á fi kọjá, tó bá sì kọjá tán òkùnkùn tó fi sílẹ̀ á tún wá dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré o. Ọkọ̀ tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ tó mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí náà tí ojú bá dí fún ìṣẹ́jú àáyá méjì péré, ẹ ti rin mítà 56 láìríran dáadáa. Ìyẹn ló ń mú kí àwọn èèyàn sáré lọ ra gílóòbù tó mọ́lẹ̀ jù, àbí awò aláwọ̀ ìyeyè, àbí iná tuntun lódindi, owó ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń ṣòfò, àwọn míì tún wá ń fi tiwọn dá kún ìyà ẹlòmíì.

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n wéra wọn fún ẹni tó fẹ́ rà. Nǹkan kan wà tí mo máa ń wò ṣáájú ohun gbogbo: ibi tí ìmọ́lẹ̀ yẹn ń balẹ̀ sí. Páálí gílóòbù á máa pariwo bó ṣe mọ́lẹ̀ tó, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ga kọjá bó ṣe yẹ, ojú ẹni ẹlẹ́ni ló ń lọ, kò débi tí ẹ̀yin fẹ́ wò rárá.

Halogen àti xenon

Halogen ló pọ̀ jù lára àwọn ọkọ̀ tó ti pẹ́ díẹ̀. Wáyà tín-ín-rín kan ló wà nínú ẹ̀ tó ń gbóná títí á fi máa tàn. Gílóòbù H7 ń jẹ 55 wáàtì, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ tó nǹkan bíi 1,500 lúmẹ́nì, àwọ̀ ẹ̀ sì pọ́n díẹ̀, bíi 3,200 kẹ́lífìn. Kò wọ́n, ó rọrùn láti pààrọ̀. Wàhálà ẹ̀ ni pé ooru ló ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó ń jẹ dà, wáyà inú ẹ̀ náà sì máa ń já.

Xenon ò ní wáyà ní tiẹ̀. Gáàsì ló wà nínú ẹ̀, iná á máa fò láàrin irin kéékèèké méjì, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde. BMW 7 Series ló kọ́kọ́ gbé e dé ojú títì lọ́dún 1991. 35 wáàtì péré ló ń jẹ, síbẹ̀ ó lè tó 3,200 lúmẹ́nì, ìyẹn ju ìlọ́po méjì H7 lọ. Àmọ́ kó tó tàn, báláàsì ẹ̀, ìyẹn àpótí kékeré tó ń fún un níná, gbọ́dọ̀ ta iná tó lé ní 20,000 fóòlìtì (volt) sí i, ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́ fúnra yín o, ẹ jẹ́ kí rìwáyà tó mọ̀ ọ́n ṣe é.

Nígbà tí xenon dé, òfin Yúróòpù ní kí iná dímù tí gílóòbù ẹ̀ bá ju 2,000 lúmẹ́nì lọ ní ẹ̀rọ tó ń gbé e sókè sódò fúnra ẹ̀, kó sì ní omi tó ń fọ ojú ẹ̀. Ẹrù tó bá wúwo nínú búùtù á tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀, imú ọkọ̀ á gòkè, iná á máa lọ tààrà sójú èèyàn, ẹrẹ̀ àti eruku tó bá sì wà lójú iná á máa fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká síbi tí kò yẹ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù tó ní xenon látilé, ẹ tan án síwájú ògiri kẹ́ ẹ sì máa wò ó: ọ̀pọ̀ nínú wọn, iná á kọ́kọ́ wálẹ̀, á wá gòkè padà wá dúró. Bí kò bá mira rárá, ẹ béèrè, ó ṣeé ṣe kí sẹ́ńsọ̀ tó wà nídìí táyà ti kán, ẹni tó ń ta ọkọ̀ lè má tiẹ̀ mọ̀.

Èmi ò ní fojú tín-ín-rín halogen. Tí ojú iná ẹ̀ bá mọ́, tó sì dúró níbi tó yẹ, ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ dáadáa.

LED tó bá ọkọ̀ wá, àti LED tí wọ́n tì bọ ilé halogen

Ibí gan-an lowó ti ń ṣòfò jù, torí náà ẹ ní sùúrù kà á.

LED tó bá ọkọ̀ wá dáa. Lexus LS 600h ló kọ́kọ́ fi LED ṣe iná dímù ní 2007, nígbà tó di 2008 Audi R8 fi LED ṣe gbogbo iná iwájú. Kíá ló ń tàn, kò jẹ iná, ó sì ń pẹ́. Àléébù ibẹ̀ ni pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò sí gílóòbù kankan tẹ́ ẹ lè yọ, tó bá kú, odindi iná lẹ máa rà, owó ẹ̀ sì máa ń dunni. Ẹ má sì rò pé tí wọ́n bá ti lè sọ pé LED ni, ó ti parí. Ní 2016, IIHS, àjọ tó ń dán ààbò ọkọ̀ wò ní Amẹ́ríkà, dán iná ọkọ̀ 31 wò, ọ̀kan ṣoṣo ló gba máàkì tó dáa jù, Toyota Prius v tó ní LED. Àmọ́ Prius v kan náà, tó bá jẹ́ èyí tó ní halogen lásán, máàkì tó kéré jù ló gbà! Ọkọ̀ kan náà, orúkọ kan náà. Torí náà, ẹ má fi orúkọ ọkọ̀ nìkan rà á, ẹ béèrè irú iná tó wà lára èyí tẹ́ ẹ fẹ́ sanwó fún gan-an.

Ó wá kan gílóòbù LED tí wọ́n ń tà pé ẹ kàn máa tì í bọ ibi tí halogen wà. Ẹ mú gílóòbù H4 sọ́wọ́ kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Wáyà méjì ló wà nínú ẹ̀, ọ̀kan fún fúlú, ọ̀kan fún dímù. Lábẹ́ wáyà dímù yẹn, ẹ ó rí irin kékeré kan tó tẹ̀ bí ẹnu ṣíbí. Irin yẹn ló ń dí ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́ lọ sísàlẹ̀, kó fi jẹ́ pé apá òkè awo dídán inú ilé iná nìkan ni ìmọ́lẹ̀ máa bà, awo yẹn á sì dà á sílẹ̀ sórí títì. Ojú ibi tí wáyà yẹn wà ni wọ́n fi ṣírò gbogbo bí awo yẹn ṣe tẹ̀. Ẹ wá gbé LED tí wọ́n ń tà yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tiẹ̀ ń jáde ní ẹ̀gbẹ́ méjì irin pẹlẹbẹ kan, irin yẹn nípọn ju wáyà lọ, fáànù tàbí irin atúooru sì wà nídìí ẹ̀. Kó kàn yẹ̀ díẹ̀ kúrò níbi tí wáyà yẹ kó wà, awo á máa da ìmọ́lẹ̀ síbi tí wọn ò rán an.

Èyí tó ń tan èèyàn jẹ ni pé iwájú ọkọ̀ gan-an á mọ́ kedere, ẹ ó rò pé owó yín ò ṣòfò. Ojú yín á ti mọ́ ìmọ́lẹ̀ tó wà nítòsí yẹn lára, ẹyinjú á sún kì, ọ̀nà jíjìn tó yẹ kẹ́ ẹ ti rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ sọdá á wá ṣókùnkùn sí yín ju ti halogen lọ, ẹni tó ń bọ̀ níwájú náà ò sì ní ríran. Òfin iná ọkọ̀ Amẹ́ríkà, FMVSS 108, ò fọwọ́ sí i. Ní Jámánì wọ́n ti fọwọ́ sí díẹ̀ láti 2020, Osram Night Breaker LED wà nínú wọn, àmọ́ fún àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ti dán an wò nínú ilé iná wọn nìkan ni o, orúkọ ọkọ̀ yín gbọ́dọ̀ wà lórí líìsì kẹ́ ẹ tó lè lò ó. Tí orúkọ ọkọ̀ yín ò bá sí níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹni tó bá ṣáà fẹ́ kí iná halogen òun mọ́ sí i, ojúlówó halogen tó lágbára wà, àwọn tí wọ́n máa ń kọ +100 tàbí +150 sára páálí ẹ̀. Wáyà ẹ̀ wà níbi tó yẹ kó wà, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ á sì lọ jìnnà díẹ̀ sí i, àmọ́ kì í pẹ́ kó tó jó, torí náà ẹ ra méjì pọ̀ kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí ni màá rà.

Fúlú tó ń pa ara ẹ̀, àti matrix

Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tuntun lẹ fẹ́ rà, ẹ máa gbọ́ orúkọ méjì yìí, wọ́n yàtọ̀ síra gan-an. Ti àkọ́kọ́, kámẹ́rà á rí ọkọ̀ tó ń bọ̀, á pa fúlú, á tún tàn án tí ọkọ̀ yẹn bá kọjá, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Matrix ní tiẹ̀ kì í pa fúlú, ibi tí ọkọ̀ ẹlòmíì wà nìkan ló ń ṣú, gbogbo ibi tó kù á ṣì mọ́. Audi gbé e dé pẹ̀lú A8 ní 2013, LED 25 ló wà nínú iná fúlú kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń tàn tí wọ́n sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Amẹ́ríkà ò fọwọ́ sí i àfi ní February 2022. Tí agbára yín bá ká a, owó tẹ́ ẹ fi kún un fún matrix wúlò ju owó táyà ńlá tàbí rédíò olóhùn gooro lọ, pàápàá ẹni tó ń rin ọ̀nà tí kò níná lálẹ́. Ti àkọ́kọ́ náà dáa, kò kàn tó o.

Nọ́ńbà tó wà lára páálí

Kẹ́lífìn ń sọ àwọ̀, kò sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Xenon tó bá ọkọ̀ wá sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 4,300. Tó bá dé 6,000 ó ti ń funfun lọ sí búlúù, 8,000 ti di búlúù pátápátá, ìmọ́lẹ̀ tó wúlò sì ti dínkù níbẹ̀. Àwọ̀ búlúù ló ń ni ojú lára jù, nínú kùrukùru tàbí òjò ńlá sì rèé, ṣe ni gbogbo iwájú yín á kàn funfun. Ẹ má kọjá 5,000. Ti lúmẹ́nì, ẹ má gba gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ gbọ́ o, tí wọ́n bá kọ 20,000 lúmẹ́nì sára gílóòbù kékeré, ẹ rántí pé xenon gidi ò ju nǹkan bíi 3,200 lọ.

Àwọn nǹkan tí wọ́n ń tà fún ojú awakọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi awò aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń pè ní awò ìwakọ̀ alẹ́ sílẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn JAMA Ophthalmology ní 2019 dán an wò pẹ̀lú àwọn awakọ̀, kò ràn wọ́n lọ́wọ́ rárá láti tètè rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Kò sì yani lẹ́nu, gíláàsì tó láwọ̀ á máa gba ìmọ́lẹ̀ kúrò lójú ẹni tí ìmọ́lẹ̀ ò tó tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń lo awò láti fi ríran, tiyín ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣe awò aláìláwọ̀ tí wọ́n kun ohun tí kì í jẹ́ kí iná tàn padà lójú ẹ̀, ìyẹn wúlò gidi, kẹ́ ẹ sì rí i pé nọ́ńbà awò yín ò tíì yí padà. Tọ́jọ́ orí bá ń lọ sókè, ojú kì í tètè padà bọ̀ sípò lẹ́yìn tí iná bá ti tàn sí i, tí ẹ bá wá ń rí òrùka yí gbogbo iná ká, dókítà ojú lẹ máa lọ rí, ó lè jẹ́ pé inú ojú ti ń ṣú bíi kùrukùru, kò sí gílóòbù tó máa wo ìyẹn sàn.

Díńgí ẹ̀yìn tó ń ṣú fúnra ẹ̀ dáa, àmọ́ tí ọkọ̀ yín bá ti ní èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tì sísàlẹ̀, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe fún iná ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn. Wíńsìkírìn ńkọ́? Ẹ nu inú ẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe ìta nìkan. Ọ̀rá tín-ín-rín tó ń lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀ yẹn ò ṣeé rí lọ́sàn-án, alẹ́ ló ń sọ iná ọkọ̀ kan di ìràwọ̀ ńlá.

Ẹ wo ojú iná yín kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun

Ike tó wà níwájú iná máa ń pọ́n tó bá ti pẹ́ nínú oòrùn. AAA, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ní Amẹ́ríkà, dán an wò ní 2018, wọ́n ní iná tí ojú ẹ̀ ti ṣú ń mú nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó mú jáde. Ìdá 20! Ẹni tó fi gílóòbù tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́yìn ike tó ṣú, ìmọ́lẹ̀ á kàn máa fọ́n ká ni. Sáńpépà àti ohun ìdán tí wọ́n ń tà pọ̀ nínú páálí kan lè là á, kò wọ́n rárá, àmọ́ ẹ ra èyí tó ní ohun tí wọ́n ń kùn lé e lórí gbẹ̀yìn tó ń dènà oòrùn, tí kò bá sí ìyẹn á tún tètè ṣú padà. Bí ike ti sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láti inú, ẹ pààrọ̀ odindi iná.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti rà, ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, kó jìnnà sí ògiri tó mítà 10, kí afẹ́fẹ́ táyà pé, kí ẹnì kan jókòó síbi awakọ̀. Ẹ wọn gíga àárín iná láti ilẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ògiri ní gíga yẹn, ẹ wá tan dímù. Etí òkè ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ àmì yẹn, bíi sẹ̀ǹtímítà 10 tí wọ́n bá kọ 1.0% sára iná tàbí sí tòsí ẹ̀, 13 tó bá jẹ́ 1.3%. Tí ẹ ò bá rí etí kankan, tí ìmọ́lẹ̀ kàn fọ́n ká sí gbogbo ògiri, gílóòbù yẹn ò bá ilé ẹ̀ mu, ẹ dá a padà.

Ẹ tún wò ó pé apá ibo ni etí ìmọ́lẹ̀ yẹn ti gbéra sókè díẹ̀. Apá tí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ń gbà létí títì ló yẹ kó ti gbéra, kì í ṣe apá tí ọkọ̀ míì ti ń bọ̀. Ọkọ̀ àlòkù tó wá láti orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń gba apá kejì títì máa ń ní tiẹ̀ ní òdìkejì, bí ẹ bá tún un ṣe dóòru kò ní kúrò lójú àwọn tó ń bọ̀, àfi kẹ́ ẹ ra iná tí wọ́n ṣe fún apá tiyín, kẹ́ ẹ sì yọ owó ẹ̀ nínú iye tẹ́ ẹ máa san fún ọkọ̀ yẹn.