Ilé ìléru kan ní Mushin tí ó mọ ìdí tí a fi ń di wáyà kí a tó yan án

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo wáyà títáníọ̀mù àti níkẹ́lì, èyí tí ó máa ń rántí ìrísí rẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa ilé ìléru kékeré kan ní Mushin, ní apá Ìdí-Òro. Kí ọ̀gá ibẹ̀ tó dárúkọ owó, ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, níkẹ́lì inú rẹ̀ tó mélòó?" Ìbéèrè yẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀, nítorí bí níkẹ́lì kò bá fi díẹ̀ ju títáníọ̀mù lọ, bí átọ́ọ̀mù 51 nínú 100, horo tí a ń wá, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké inú irin tí ó ń darí ìrántí náà, kò ní í hù, bí ó ti wù kí ó pẹ́ nínú iná tó.

Horo náà, tí níkẹ́lì mẹ́rin àti títáníọ̀mù mẹ́ta para pọ̀ dà, kò ṣeé fi ojú lásán rí, ó sì rí pẹlẹbẹ bí ẹ̀gúsí. Bí a bá yan wáyà lásán ní ìwọ̀n Celsius 400 sí 500, ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn horo máa ń dojú kọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ká a sínú òrùka irin, tí a sì dì í pinpin títí iná yóò fi parí iṣẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ń nà, inú rẹ̀ ń fún pọ̀: horo ẹ̀yìn yóò dùbúlẹ̀ gba ọ̀nà tí wáyà ń nà sí, horo inú yóò dábùú ọ̀nà tí ó ń fún pọ̀ sí, nítorí pé horo kọ̀ọ̀kan máa ń fà wọlé díẹ̀ ní ìnípọn rẹ̀. Nishida àti Honma, àwọn onímọ̀ nípa irin ní ilẹ̀ Japan, ròyìn rẹ̀ ní 1984 pé irú irin bẹ́ẹ̀ yóò ká bí ó bá gbóná, bí ó bá sì tutù gan-an, yóò nà, yóò tún ká sí òdìkejì, láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ ibẹ̀ mọ ìdì náà dáadáa. Nígbà tí iná mọ̀nàmọ́ná lọ, jẹnẹrétọ̀ gbà á kí ìléru tó tutù. Wáyà mi ká nínú omi gbígbóná, ó sì nà nínú omi yìnyín.

Àléébù ńlá tí mo rí ni pé wọn kì í kọ ìwọ̀n ooru àti wákàtí sínú rìsíìtì, bẹ́ẹ̀ horo tí ó bá dàgbà jù máa ń já kúrò lára irin tí ó yí i ká, agbára ìrántí náà á sì dínkù. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ kí ẹ tó sanwó. Ìléru wọn kò ní gáàsì ágọ́ọ̀nù, èyí tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ba irin gbígbóná jẹ́, nítorí náà n kò ní í gbé títáníọ̀mù tí ó gbọ́dọ̀ dé ìwọ̀n 900 fún wọn.