Scaphandre àti mítà ẹnu wáyà: àgbéyẹ̀wò mi lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án tí a ti ń wọn iná tí àwọn sáfà wa ń jẹ

Ní ilé iṣẹ́ wa ní Ìbàdàn, èmi ni mo ń mójú tó yàrá kékeré tí àwọn sáfà wa wà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tí a kì í pa tọ̀sán-tòru, tí fáìlì gbogbo òṣìṣẹ́, ìwé owó oṣù àti ìmeèlì wa ń gbé inú wọn. Títí di ọdún 2024, kò sí ẹni tó bi mí rí pé iná mélòó ni wọ́n ń jẹ. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún náà ni àjọ NERC, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà, gbé owó yúníìtì kan fún àwọn oníbàárà Band A dé 225 náírà, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi 68 náírà ni wọ́n ń san tẹ́lẹ̀. Owó náà wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì jẹ́ 209.50 náírà ní oṣù Keje. Orí ìlà Band A ni ilé iṣẹ́ wa wà. Kò pẹ́ tí owó náà gun òkè ni ìyá tó ń ṣírò owó fún wa, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Akáńtì, wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú àwọn rìsíìtì iná lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, a ti ń pa ẹ̀rọ amúlétutù gbogbo ọ́fíìsì ní aago mẹ́rin. Kí ló tún ń jẹ iná lóru?" Mo ní, "Àwọn sáfà ni, mà." Wọ́n bi mí pé mélòó ni wọ́n ń jẹ, n kò sì rí èsì kankan fún wọn. Ìbéèrè yẹn ni mo gbé dání nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun èlò tí yóò lè dáhùn rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ni Scaphandre. Ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ ni, tí ilé iṣẹ́ Hubblo ní ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni sì lè wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́ látòkè délẹ̀. Aṣọ tí àwọn òmùwẹ̀ ń wọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ òkun ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ní èdè Faransé, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, nítorí pé ó máa ń wọ inú kọ̀ǹpútà lọ wo ibi tí iná ń gbà. Bí ó ṣe ń ṣe é nìyí: láti ọdún 2011 tí ilé iṣẹ́ Intel ti mú ìran pírósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tí wọ́n ń pè ní Sandy Bridge jáde ni oǹkà iná kan ti wà nínú pírósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni RAPL. Linux, ètò tó ń darí àwọn sáfà wa, ń ka oǹkà yìí bí ẹni ń ka mítà ilé. Scaphandre ń mú iye tí ó bá kà, á wo bí àkókò pírósẹ́sọ̀ ṣe pín láàárín àwọn iṣẹ́ tó ń lọ lórí kọ̀ǹpútà náà, á sì pín iná náà fún wọn bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi lè sọ fún ọ pé wáàtì báyìí ni ìmeèlì ń jẹ, wáàtì báyìí ni ti àkójọ dátà. N kò mọ mítà ara ògiri kankan tó lè sọ irú rẹ̀.

Gbígbé e kalẹ̀ kò nira fún ẹni tó bá ti mọ Linux díẹ̀. Mo ní láti kọ́kọ́ jí módù intel_rapl_common, ẹ̀yà Linux tó ń ka oǹkà náà, mo sì ní láti fún Scaphandre ní àṣẹ root, ìyẹn àṣẹ tó ga jù lọ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ má ṣe rò pé àṣẹ yìí jẹ́ àṣejù. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ni àwọn olùwádìí fi hàn, nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Platypus, pé ẹni tó bá ń ka oǹkà RAPL lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ lè fi mọ ohun àṣírí tí kọ̀ǹpútà ń ṣe, láti ìgbà náà ni Linux kò sì ti gbà kí gbogbo ayé máa kà á mọ́. Mo wá fi Prometheus kó àwọn iye náà jọ ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú síra wọn, mo sì fi Grafana ya wọ́n ní àwòrán ìlà. Ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ tètè yí padà ni pé ọjọ́ 15 péré ni Prometheus máa ń tọ́jú àkọsílẹ̀ bí ẹ kò bá sọ ohun mìíràn fún un. Ẹni tó bá fẹ́ fi oṣù kan wé òmíràn kò lè rí nǹkan ṣe pẹ̀lú ìyẹn. Ọdún kan ni mo ní kí tiwa máa tọ́jú. Mo tún wo iye iná tí ètò ìwọ̀n yìí ń jẹ fúnra rẹ̀, nítorí pé kò ní bójú mu kí ẹni tí a ní kó wá ṣọ́ ọkà máa jẹ ọkà. Kò tó wáàtì méjì lórí sáfà kọ̀ọ̀kan.

Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Scaphandre sọ fún mi pé àwọn sáfà wa ń jẹ 260 wáàtì lápapọ̀. Inú mi dùn, mo sì fẹ́ gbé e lọ bá Màmá Akáńtì. Ohun tó dá mi dúró ni pé, bí mo ṣe ṣírò rìsíìtì iná ti òru, iye yẹn kò lè jẹ́ òótọ́ rárá.

Nígbà náà ni mo pe oníná tó ń ṣiṣẹ́ fún wa pé kí ó bá mi fi mítà onídìmú sí ẹnu wáyà tó ń lọ sí yàrá sáfà, irú èyí tí wọ́n máa ń fi há wáyà kan ṣoṣo láìgé e. Wáàtì 780 ni mítà náà kà ní ọ̀sán, ó sì kà 735 ní ọ̀gànjọ́ òru tí kò sí ẹnìkan ní ọ́fíìsì. Ìlọ́po mẹ́ta iye tí Scaphandre sọ ni. Kì í ṣe pé Scaphandre purọ́. Pírósẹ́sọ̀ àti RAM ni RAPL ń rí. Kò rí àwọn dísíìkì, kò rí fáànù, kò rí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò sì rí iná tó ń di ooru nínú páwà sọ́pláì kí ó tó dé ara bọ́ọ̀dù. Ìwé àlàyé ètò náà kò fi èyí pamọ́. Èmi ni n kò fara balẹ̀ kà á.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo tún bá pàdé ju ìyẹn lọ. Sáfà mẹ́rin ni a ní, mẹ́ta péré ni Scaphandre sì ń kà. Ìkẹrin ti dàgbà ju RAPL lọ: ọdún 2010 ni wọ́n ṣe é, kò ní oǹkà kankan nínú. Nígbà tí a fi mítà há wáyà tirẹ̀ nìkan, 180 wáàtì ló ń jẹ tọ̀sán-tòru, bóyá wọ́n ń lò ó tàbí wọn kò lò ó. Mo wádìí ohun tó ń ṣe, mo sì rí i pé ètò ìṣirò owó àtijọ́ kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, tí wọ́n ń ṣí lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti wo àkọsílẹ̀ ọdún tó ti kọjá. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ pọ̀. Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún kan. Bí 180 wáàtì bá jó jálẹ̀ wọn, yúníìtì 1,576.8 ni (1,000 wáàtì fún wákàtí kan ni yúníìtì kan), èyí tó lé díẹ̀ ní 330,000 náírà ní iye 209.50, kódà bí iná ìjọba kò bá lọ rárá tí a kò tan jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ kankan. Ẹ̀rọ tó ń fi iná ṣòfò jù nínú yàrá náà ni ẹ̀rọ tí ojú Scaphandre kò tó. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé kí wọ́n má ṣe lo ọ̀kan láìlo èkejì. A kó ètò ìṣirò owó náà wọ inú kọ̀ǹpútà àfarawé kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ètò lásán dá sínú kọ̀ǹpútà gidi, lórí sáfà tó kéré jù lọ nínú àwọn tuntun, wáàtì márùn-ún ni ó fi kún un, a sì pa sáfà àgbà náà.

Ibi tí Scaphandre ti gba ìyìn lọ́wọ́ mi gan-an ni òru. Àwòrán ìlà fi òkè kan hàn tó ń dìde láti aago mẹ́wàá alẹ́, tó sì tún ga sí i ní aago mọ́kànlá ààbọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí. Mo mọ̀ pé aago mẹ́wàá ni a máa ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tó ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá ààbọ̀. Mo wo orúkọ àwọn iṣẹ́ tó ń jẹ iná ní wákàtí yẹn, mo sì rí iṣẹ́ ìfúnpọ̀ fáìlì méjì tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú mi ti ṣètò ẹ̀dà ìpamọ́ tirẹ̀ kí ó tó lọ, èmi sì ṣètò tèmi nígbà tí mo dé, n kò wò ó bóyá òmíràn ti wà nílẹ̀. Ó lé ní ọdún méjì tí a fi ń fún àkójọ dátà kan náà pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóru. Nígbà tí mo dá ọ̀kan dúró, 40 wáàtì kúrò nínú ti ọ̀gànjọ́ òru, ààyè sì ṣí sílẹ̀ lórí dísíìkì. Mítà ẹnu wáyà nìkan kò lè sọ èyí fún mi láéláé, nítorí wáàtì ni yóò kà, kò ní mọ ẹni tó jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo yí bí àwọn pírósẹ́sọ̀ ṣe ń sáré padà, kúrò ní ipò tí wọ́n máa ń wà lórí eré nígbà gbogbo sí ipò tí wọ́n máa ń rọra nígbà tí kò sí iṣẹ́. Mo ṣọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ méjì bóyá ẹnikẹ́ni yóò fẹjọ́ sùn pé ètò ń falẹ̀, kò sí. Ọgbọ̀n wáàtì ló dín lápapọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù yàrá sáfà gba sùúrù díẹ̀. Ìwọ̀n 17 ni a máa ń fi sí, nítorí a gbà pé bí yàrá bá ṣe tutù tó ni sáfà ṣe ń gbádùn tó. Ẹgbẹ́ ASHRAE ní Amẹ́ríkà, tí àwọn oníṣẹ́ yàrá sáfà ń tẹ̀ lé ìlànà wọn, dámọ̀ràn ìwọ̀n 18 sí 27 fún afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú sáfà. Mo gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó dé 26, mo gbọ́ tí fáànù àwọn sáfà bẹ̀rẹ̀ sí í hó, mítà ẹnu wáyà sì fi hàn pé iná tiwọn ń gun òkè, nítorí pé fáànù tí eré rẹ̀ bá fi díẹ̀ pọ̀ sí i máa ń jẹ iná ju díẹ̀ lọ. A dúró sí 24. Scaphandre kò rí ìkankan nínú gbogbo èyí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti mítà fúnra rẹ̀, nítorí ó dà mí láàmú. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, tó ń lo Wi-Fi, tí n kò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é, máa ń gbàgbé aago ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ. Bí iná bá dé, òun á jí kí ráútà tó jí, kò ní rí íntánẹ́ẹ̀tì tí yóò ti mú àkókò, àkọsílẹ̀ rẹ̀ á sì kó lọ sí ọjọ́ tí kò sí. Níbi tí iná ti máa ń lọ tó sì ń bọ̀, àìsàn ńlá nìyẹn. Èkejì tí mo rà ń gba wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kì í sì í ṣe òun ló ń kọ àkókò sílẹ̀: Prometheus ló ń bi í ní iye tí ó kà, tí ó sì ń fi aago tirẹ̀ sí i. Láti ìgbà náà, n kò tí ì pàdánù wákàtí kan. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ ní ìlú wa, kí ó kọ́kọ́ bi olùtajà pé kí ni mítà náà ń ṣe nígbà tí iná bá dé tí íntánẹ́ẹ̀tì kò tí ì dé.

Àléébù mìíràn tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa Scaphandre jẹ mọ́ àwọn kọ̀ǹpútà àfarawé. Láti orí sáfà gidi, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà àfarawé kọ̀ọ̀kan jẹ́ lójú rẹ̀. Ẹ ó rí iye tí gbogbo rẹ̀ jẹ, ẹ kò ní rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ wà fún QEMU, ọ̀kan nínú àwọn ètò tó ń gbé kọ̀ǹpútà àfarawé ró, níbi tí sáfà gidi ti ń kọ iye náà sínú fáìlì kan tí kọ̀ǹpútà àfarawé yóò lè kà. Ó gbà mí ní òpin ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ó tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Lórí sáfà tí ẹ bá yá lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ kò ní àṣẹ lórí ẹ̀rọ gidi tó gbé e dúró, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò.

Lónìí, 575 wáàtì ni mítà ẹnu wáyà ń kà ní ọ̀sán, ó sì ń kà 490 ní ọ̀gànjọ́ òru. Iye yìí ti wúlò fún ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ ń múra láti ra ínfátà àti bátìrì líthíọ́ọ̀mù fún yàrá náà, kí a lè sinmi jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó wá díye lé e ṣáájú kí a tó máa wọn iná wo ẹ̀yìn àwọn sáfà, ó rí 750 wáàtì tí wọ́n kọ sí ara páwà sọ́pláì kọ̀ọ̀kan, ó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, ó sì ní 3,000 wáàtì fún wákàtí mẹ́rin, ìyẹn bátìrì yúníìtì 12. Ohun tí páwà sọ́pláì lè gbé ni wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe ohun tí sáfà ń jẹ. Pẹ̀lú 575 wáàtì, yúníìtì 2.3 ni wákàtí mẹ́rin ń fẹ́. Bí a bá ro ohun tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ mọ́ ọn, tí a sì fi àyè sílẹ̀ kí bátìrì má baà gbẹ tán, bátìrì yúníìtì 5 ti tó wa. Mo tẹ àwòrán ìlà oṣù mẹ́ta sórí ìwé, mo gbé e lọ bá Màmá Akáńtì. Wọ́n fi ìka tọ ìlà òru láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n bi mí léèrè òkè kékeré tó kù ní aago mẹ́wàá, mo sì ṣàlàyé pé ẹ̀dà ìpamọ́ ni. Bátìrì yúníìtì 5 ni wọ́n fọwọ́ sí.