Hosting "Unlimited" àbí Èyí Tó Ní Òdiwọ̀n: Èwo Ni Kí Ẹ Rà?

Bí ẹ bá ń wá hosting fún ìkànnì yín, ìyẹn ààyè lórí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì), oríṣi méjì ni wọ́n sábà máa ń tò síwájú ẹni: èyí tí wọ́n kọ "unlimited" sí lára, àti èyí tó sọ iye dísìkì (ààyè tí fáìlì ń gbé) àti RAM (ìrántí tí sáfà fi ń ṣiṣẹ́) tó jẹ́ tiyín. Mo ti lo méjèèjì. Orí unlimited ni ìkànnì tí mo fi ń ta aṣọ òkè wà tẹ́lẹ̀, kí n tó kó o lọ sórí VPS kékeré kan, ìyẹn ìpín sáfà tó ní òdiwọ̀n tirẹ̀.

Ní ti owó, unlimited dínwó lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ wo iye ọdún kejì kí ẹ tó sanwó. Ní ti ìrọ̀rùn, unlimited ló borí, torí VPS ń fẹ́ ẹni tó mọ sáfà tọ́jú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni òpin tí wọn kì í sọ. Kò sí sáfà tí kò lópin. Pé wọ́n ń tà ju ohun tó wà nílẹ̀ kò burú lójú mi, torí ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í lo gbogbo ohun tí wọ́n rà. Lọ́dún 2006, DreamHost, ilé-iṣẹ́ hosting kan ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá sọ ọ́ báyẹn kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tó burú ni kí wọ́n kọ "unlimited" gàdàgbà síta, kí wọ́n wá rọra ki òpin rẹ̀ bọ inú àdéhùn.

Inode, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí sáfà ń ṣe fún fáìlì, ni wọ́n sábà máa ń fi òpin ọ̀hún sí. Fáìlì kọ̀ọ̀kan, inode kan. Íméèlì kọ̀ọ̀kan tó wà lórí sáfà náà, inode kan. Bí ẹ bá sì gbé fọ́tò ẹyọ kan sórí WordPress (ètò tí ọ̀pọ̀ fi ń kọ́ ìkànnì), yóò gé e sí ìwọ̀n oríṣiríṣi fúnra rẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń jẹ inode. Dísìkì "aláìlópin" ni ilé-iṣẹ́ tí mo wà lọ́dọ̀ wọn tà fún mi. Nígbà tí fáìlì mi pọ̀ dé ibì kan, wọ́n dá backup mi dúró, wọn ò fi tó mi létí. Ọjọ́ tí ìkànnì náà bàjẹ́ ni mo tó mọ̀ pé kò sí ẹ̀dà kankan nílẹ̀. Fọ́tò aṣọ tí mo ti ń kó jọ láti ọdún pípẹ́ bá a lọ. Èsì tí wọ́n fún mi ni pé ó wà nínú àdéhùn.

Òpin kejì ni entry process, ìyẹn iye ìbéèrè tí ìkànnì yín lè máa dá lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí sáfà tó ń lo CloudLinux (ètò tí àwọn onílé-iṣẹ́ hosting fi ń pín sáfà fún oníbàárà), 20 ló sábà máa ń jẹ́. Bí ìyàwó bá ju líǹkì aṣọ ẹbí sórí WhatsApp, tí gbogbo ẹbí tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, "508 Resource Limit Is Reached" ni àwọn kan máa rí. Irú wọn kì í padà wá rajà.

Bí ìkànnì yín bá jẹ́ ojú ewé mélòó kan, unlimited yóò gbé e. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lẹ ti ń jẹun, ẹ ra èyí tó ní òdiwọ̀n. Bí RAM VPS mi bá fẹ́ kún, mo máa ń rí i, èmi ni mo sì ń pinnu bóyá kí n fowó kún un.

Kí ẹ tó sanwó fún èyíkéyìí, ẹ bi wọ́n: inode mélòó? Entry process mélòó? Ìgbà wo lẹ máa ń dá backup dúró? Bí wọn ò bá fi nọ́ńbà dá yín lóhùn, ẹ má rà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà lórí unlimited, ẹ wọ cPanel (ojú ewé tí ẹ fi ń darí hosting yín), ẹ wo "Resource Usage", kí ẹ sì gba ẹ̀dà ìkànnì yín sórí kọ̀ǹpútà ara yín lónìí.